Bí a ṣe ń mú aláìsàn wọ inú ètò ìwádìí eré ìdárayá n'Ìbàdàn

Ìwádìí eré ìdárayá kò rí bí ìwádìí oògùn. Ẹni tó bá ti gbé oògùn mì ti ṣe tirẹ̀. Eré ìdárayá ní tirẹ̀, aláìsàn fúnra rẹ̀ ló máa ṣe é, lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí lẹ́ẹ̀márùn-ún lọ́sẹ̀, nínú yàrá rẹ̀ tàbí ní títì àdúgbò rẹ̀, pẹ̀lú orúnkún tó ń ro ó tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń já a láyà. Bí a bá jókòó sí ọ́fíìsì, tí a kọ ọ́ síwèé pé kó máa rìn kánmọ́kánmọ́ fún ìṣẹ́jú 30, tí a kò bi í pé ibo ló ti máa rìn, àwọn èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwádìí náà sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwa á sì máa sọ pé wọn ò gbọ́ràn.

Físíó, dókítà, nọ́ọ̀sì àti akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ ṣe ìwádìí lórí eré ìdárayá fún àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ la kọ èyí fún: ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, rọpárọsẹ̀, ikọ́ fée, làkúrègbé orúnkún, ẹ̀yìn dídùn. Ohun kan ṣoṣo la fẹ́ kí ẹ mú dání nínú rẹ̀: ẹ pe aláìsàn wá gbà yín nímọ̀ràn nígbà tí nǹkan ṣì lè yí padà. Bí ìlànà ìwádìí bá ti di títẹ̀, tí ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ olùkópa ti fọwọ́ sí i, ìmọ̀ràn yòówù kí wọ́n gbà yín lẹ́yìn náà, ẹ ò ní lè lò ó láìtún padà lọ tọrọ àṣẹ.

Olùkópa kọ́ ni olùdámọ̀ràn

Olùkópa ni ẹni tí a ń wọn ara rẹ̀, tí a gba ìfọwọ́sí rẹ̀, tí a sì ń kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀. Olùdámọ̀ràn ni aláìsàn tó bá wa jókòó níbi tí a ti ń pinnu ohun tí a máa wọ̀n, bí a ṣe máa wọ̀n ọ́n, àti ohun tí a máa ní kí àwọn èèyàn ṣe. Ẹ má ṣe fi ẹnì kan náà ṣe méjèèjì nínú ìwádìí kan. Ẹni tó bá yín to ètò náà ti mọ ohun tí ẹ ń retí. Tó bá tún di olùkópa, ohun tó rò pé ẹ fẹ́ gbọ́ ló máa máa sọ. Bó bá sì bọ́ sínú ẹgbẹ́ tí kò ní ṣe eré ìdárayá, tí a fẹ́ fi wé àwọn tó ń ṣe é, kò sí ohun tó máa ní kó má ṣe é nílé, nítorí ó ti mọ̀ ọ́n.

Ìyàtọ̀ yìí kan ìwé àṣẹ pẹ̀lú. Nígbà tí aláìsàn bá ń gbà yín nímọ̀ràn lásán, òun kọ́ ni ẹ ń ṣe ìwádìí lé lórí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹ bá gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, tí ẹ fẹ́ tú ọ̀rọ̀ rẹ̀ palẹ̀ kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ jáde gẹ́gẹ́ bí èsì ìwádìí, ó ti di olùkópa nìyẹn, ó sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ síwèé. Ẹ má dá ìdájọ́ yìí fúnra yín. Ẹ kọ lẹ́tà ojú ìwé kan sí ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ olùkópa, kí ẹ ṣàlàyé ohun tí ẹ fẹ́ kí àwọn olùdámọ̀ràn ṣe, kí ẹ sì gba ìdáhùn wọn lákọsílẹ̀. Ní UCH àti Yunifásítì Ìbàdàn, ìgbìmọ̀ UI/UCH tó wà ní IAMRAT (ilé ẹ̀kọ́ ìwádìí ìṣègùn ti Yunifásítì náà) ni. Tó bá jẹ́ ọsibítù ìjọba ìpínlẹ̀ tàbí ibùdó ìlera àdúgbò lẹ ti fẹ́ ṣe é, ìgbìmọ̀ ilé iṣẹ́ ètò ìlera ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní Sẹkitéríàtì Àgódì lẹ máa lọ bá. Àwọn ìgbìmọ̀ wọ̀nyí ń tẹ̀lé ìlànà orílẹ̀-èdè ti ọdún 2007. Ìkéde Helsinki, ìlànà ẹgbẹ́ àwọn dókítà àgbáyé lórí ìwádìí, tí wọ́n tún ṣe ní ọdún 2024 náà ti sọ ọ́ kedere pé kí oníwàádìí bá àwọn olùkópa àti àdúgbò wọn ṣe é ṣáájú ìwádìí, nígbà tó bá ń lọ lọ́wọ́, àti lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ tọ́ka sí i nínú lẹ́tà yín.

Àwọn tí ẹ máa pè

Ẹ pe èèyàn 8 sí 10, kí ẹ lè máa rí 6 lójoojúmọ́ ìpàdé. Ẹnì kan ṣoṣo kò tó, nítorí kò ní lè dá dókítà mẹ́ta lóhùn. Èèyàn 15 ti pọ̀ jù, àwọn méjì tó lẹ́nu ni yóò máa sọ̀rọ̀.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé aláìsàn tó rọrùn láti rí ni wọ́n máa ń pè: tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, tí kì í pa ọjọ́ kíníìkì jẹ. Ó wúlò, ẹ pè é, ṣùgbọ́n kò lè sọ ìdí tí ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́ ní Bódìjà kò fi padà wá mọ́. Ìyá yẹn gan-an lẹ nílò. Ẹ lọ sí ibi tí ìwé ìforúkọsílẹ̀ kíníìkì físíó wà, kí ẹ wá àwọn tó wá lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì tí wọn ò wá mọ́, kí òṣìṣẹ́ tó ní àṣẹ sí ìwé náà sì pè wọ́n lórí fóònù. Nínú ẹgbẹ́ yín, ó kéré tán, kí ẹni méjì ti fi eré ìdárayá sílẹ̀ rí. Kí ẹnì kan jẹ́ ẹni tí rọpárọsẹ̀ ti mú apá tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀, bí àìsàn náà bá kàn án. Kí olùtọ́jú kan wà níbẹ̀: ìyàwó, ọkọ, tàbí ọmọ tó ń gbé aláìsàn dìde. Kí ọkùnrin àti obìnrin wà, kí Mùsùlùmí àti Kristẹni wà, kí ẹni tó ń gbé inú agbo ilé ní Kúdẹtì wà pẹ̀lú ẹni tó ń gbé Àkọ́bọ̀.

Dókítà tó ń kọ oògùn fún èèyàn kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó máa bẹ̀ ẹ́ pé kó wá. Kò sí bí ìyá àgbà ṣe fẹ́ wí fún dókítà rẹ̀ pé òun ò wá. Ẹlòmíràn ni kó bá a sọ̀rọ̀, kó sì là á yé e pé ìtọ́jú rẹ̀ kò ní yí padà tí kò bá wá. Nínú ọjà, ẹ kọ́kọ́ lọ kí ìyálọ́jà. Ní àdúgbò, ẹ kí Mógàjí tàbí baálẹ̀. Ẹ kí wọn láti gba ọ̀nà wọlé, kì í ṣe kí wọ́n bá yín yan èèyàn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìbátan wọn nìkan lẹ máa rí.

Owó

Ẹ fi owó àwọn olùdámọ̀ràn sínú ìṣirò láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ó má jẹ́ ohun tí ẹ máa yọ nínú àpò ara yín. Ọ̀nà mẹ́ta ni owó yìí pín sí: owó ọkọ̀ lílọ àti bíbọ̀ (ẹni tó ń bọ̀ láti Mọ́níyà kò ní san iye kan náà pẹ̀lú ẹni tó ń bọ̀ láti Yemẹtu, ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn sì lè nílò kó dá ọkọ̀ gbà), owó àkókò wọn, àti oúnjẹ. Fún owó àkókò, ẹ béèrè iye tí oníṣòwò ń rí ní ìdajì ọjọ́, kí ẹ mú iye kan tí gbogbo ẹgbẹ́ máa gbà bákan náà.

Ọwọ́ ni kí ẹ fi owó náà lé wọn lọ́wọ́, lọ́jọ́ náà, kí wọ́n tó dìde. Bí báńkì yunifásítì bá máa ń pẹ́ kó tó sanwó, ẹ gba owó náà sílẹ̀ ṣáájú ìpàdé, kí ẹ sì fi ìwé ìfọwọ́sí jíhìn rẹ̀. Ẹni tí ẹ bá sọ fún pé owó rẹ̀ ń bọ̀ lósù tó ń bọ̀ kò ní bá yín jà, kò sì ní padà wá.

Ọjọ́ ìpàdé

Ẹ fi ìpàdé mẹ́ta ṣáájú ìgbà tí ẹ máa fi ìwé ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀, láàárín oṣù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èkíní lórí ìbéèrè ìwádìí fúnra rẹ̀, èkejì lórí eré ìdárayá, ẹ̀kẹta lórí fọ́ọ̀mù àti bí a ó ṣe máa wọn nǹkan. Wákàtí méjì ti tó fún ìpàdé kan.

Ẹ yẹra fún ọjọ́ Ẹtì lọ́sàn-án, fún ọjọ́ Ìsinmi, fún ọjọ́ kíníìkì tiwọn, àti fún ọjọ́ tí wọ́n ń ná ọjà wọn. Ọjà Ọjẹ́ ní ọjọ́ tirẹ̀ tí àwọn aláṣọ òkè kì í fi ṣeré. Nínú Ramadan, ẹ bi wọ́n bóyá kí ẹ sún un síwájú. Kí ibi ìpàdé má ní àtẹ̀gùn, kí ilé ìtura sì wà nítòsí, torí àwọn tó ń lo oògùn tó ń jẹ́ kí èèyàn máa tọ̀ kò ní lè jókòó pẹ́. Ẹ lo àga tó ní apá, kì í ṣe bẹ́ǹṣì. Ẹ má jẹ́ kí oúnjẹ di ìparí ìpàdé, nítorí ẹni tó ti lo oògùn àtọ̀gbẹ láàárọ̀ kò gbọ́dọ̀ pẹ́ kó tó jẹun. Oúnjẹ tí wọ́n lè jẹ ni kí ẹ gbé wá: mọ́ínmọ́ín, ẹja, èso, omi. Mínírà àti búrẹ́dì onísúgà níwájú alátọ̀gbẹ, àìbìkítà gbáà ni.

Ọmọdé kì í já àgbà nírọ́ ní gbangba lọ́dọ̀ wa, èyí sì máa ń ba ìpàdé jẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Bàbá kan á ní, “Kò sí ìṣòro kankan, gbogbo wa la lè rìn,” gbogbo ilé á sì dákẹ́. Ọ̀nà méjì la fi ń yẹra fún un. Àkọ́kọ́, ẹ pín wọn sí méjìméjì tàbí mẹ́tamẹ́ta fún ìṣẹ́jú 10 kí ẹ tó béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ gbogbo ilé. Èkejì, ẹ fi hóró àgbàdo dìbò. Ẹ to ike ọlọ́mọrí márùn-ún sórí tábìlì, kí ẹ dá ihò sójú ọmọrí kọ̀ọ̀kan. Ẹ ya àwòrán eré ìdárayá kan sára ike kọ̀ọ̀kan: ìrìn, dídìde jókòó lórí àga, ijó, gbígbé nǹkan wúwo díẹ̀, nína ara. Ẹ fún olúkúlùkù ní hóró márùn-ún, kó sọ iye tó bá fẹ́ sínú ike tó bá wù ú. Ẹni tí ojú ń tì láti sọ pé òun ò fẹ́ rìn ní títì kò ní sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò ní fi hóró kan ṣoṣo sínú ike ìrìn. Ẹ kà á níṣojú wọn, lẹ́yìn náà kí ẹ béèrè ìdí.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe eré ìdárayá náà níbẹ̀

Ìpàdé kejì yìí ló ṣe pàtàkì jù, kí ẹ má sì fi àlàyé ẹnu nìkan ṣe é. Ẹ ní kí físíó ṣe eré ìdárayá náà, kí àwọn tí ara wọn gbà á náà ṣe é, kí ẹ sì máa wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru gbogbo wọn. Ẹni tí tirẹ̀ bá wọ 180 lórí 110 tàbí tó kọjá bẹ́ẹ̀, kó máa wòran, kí ẹ sì fi í lé dókítà lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà.

Ẹ mú dídìde jókòó. Nínú ìwé, àga tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 43 ni. Nínú ilé, ike àga fẹ́lẹ́ tó ń yọ̀ lórí táìsì ni, tàbí àpótí ìdáná tó kéré débi pé ẹni tí orúnkún ń dùn kò ní lè dìde lórí rẹ̀. Ìmọ̀ràn tó máa jáde ni pé kí àga fara ti ògiri, kí ẹ sì fi tìmùtìmù tàbí aṣọ ṣíṣẹ́po gbé ìjókòó tó bá kéré sókè. Ẹ kọ ọ́ sínú ìlànà bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Rọ́bà tí àwọn físíó fi ń dá agbára padà sínú iṣan wọ́n, ó sì máa ń já. Ẹ bi wọ́n léèrè ohun tó wà nílé. Ike omi sẹ̀ǹtílítà 75 tí omi kún inú rẹ̀ ń lọ sí bíi kílò 0.75, tó bá jẹ́ yanrìn gbígbẹ ló kún un, ó máa ju kílò kan lọ díẹ̀, ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n kí ẹ tó kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Píọ̀ wọ́tà kan tó jẹ́ sẹ̀ǹtílítà 50 ń lọ sí ìdajì kílò, ṣùgbọ́n ó máa ń bẹ́, nítorí náà inú àpò aṣọ ni kó wà.

Ìrìn ni ọ̀rọ̀ pọ̀ jù lé lórí n'Ìbàdàn. Ìlú olókè ni. Ẹni tó ń gbé Òkè Arẹ̀ tàbí ẹ̀yìn Màpó, bó bá jáde báyìí, yálà kó máa gun òkè tàbí kó máa sọ̀ kalẹ̀. Ìrìn ìṣẹ́jú 10 níbẹ̀ lè le ju ìrìn ìṣẹ́jú 20 lọ lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ inú Yunifásítì, tó fi jẹ́ pé àkókò nìkan kò tó láti fi wọn iṣẹ́ tí ara ṣe. Gọ́tà tí kò ní ìdérí wà létí títì, ọ̀kadà ń gba ẹ̀gbẹ́, ẹni tí rọpárọsẹ̀ sì fi ẹsẹ̀ kan wọ́ nílẹ̀ fún kò ní lè yà kíákíá. Òjò ń rọ̀ láti bí oṣù kẹta títí di oṣù kẹwàá, ọyẹ́ sì máa ń fún oníkọ́ fée láyà ní oṣù Disẹ́ńbà sí Fẹ́búárì. Kí ẹ tó pinnu oṣù tí ìwádìí máa bẹ̀rẹ̀, ẹ bá wọn gbé kàlẹ́ńdà sílẹ̀.

Ojú ayé náà wà níbẹ̀. Obìnrin ẹni ọgọ́ta ọdún tó ń rìn kánmọ́kánmọ́ ní títì láìgbé nǹkan dání, àwọn èèyàn á bi í pé kí ló dé, ta ló kú. Àwọn olùdámọ̀ràn á sọ fún yín bí wọ́n ṣe ń gba ibẹ̀ kọjá: kí wọ́n rìn ní méjìméjì, kí wọ́n rìn lẹ́yìn ìrun òwúrọ̀ tàbí láti ìpàdé àdúrà bọ̀, kí wọ́n máa lọ bọ̀ nínú ọ̀ọ̀dẹ̀. Bó bá jẹ́ ọ̀ọ̀dẹ̀, ẹ fi okùn wọ̀n ọ́n. Mítà 10 tí èèyàn lọ bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá jẹ́ mítà 200, ṣùgbọ́n yíyípo ló máa ń gbé ẹni tí rọpárọsẹ̀ ti ṣe ṣubú, nítorí náà kí ògiri tàbí àga wà ní orí méjèèjì.

Ẹ wo ẹsẹ̀ wọn kí ẹ tó sọ̀rọ̀ ìrìn. Púpọ̀ nínú wọn á wọ sílípáàsì wá. Fún alátọ̀gbẹ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń kú tipiri, òkúta kékeré kan nínú sílípáàsì tó láti dá egbò sílẹ̀ láìjẹ́ pé ó mọ̀. Tí ìwádìí yín bá máa ní kó rìn, kí owó bàtà wà nínú ìṣirò yín, tàbí kí ẹ fún un ní eré ìdárayá orí ìjókòó.

Oníṣòwò á bi yín pé: “Mo ń fẹsẹ̀ rìn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ẹrù tún wà lórí mi, kí lẹ tún fẹ́ kí n rìn sí?” Ìbéèrè gidi ni, ẹ má fi ẹ̀rín gbé e kọjá. Ìwé ìbéèrè tó bá béèrè nípa eré ìgbafẹ́ nìkan á kọ ọ́ sílẹ̀ pé kì í ṣe nǹkan kan. Ẹ lo èyí tó ya iṣẹ́, ìrìn àjò àti ìgbafẹ́ sọ́tọ̀, bíi GPAQ ti Àjọ Ìlera Àgbáyé. Àjọ yìí ní ọdún 2020 dábàá ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ fún eré tó mú èèyàn mí kíkankíkan díẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ méjì fún agbára iṣan, fún àwọn tó ní àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ náà. Wọ́n sì ti yọ òfin àtijọ́ kúrò tó ní ó gbọ́dọ̀ tó ìṣẹ́jú 10 léraléra kó tó jẹ́ kíkà. Èyí fún yín láyè láti gé e sí wẹ́wẹ́ bí ọjọ́ oníṣòwò ṣe rí.

Ijó sábà máa ń gba hóró àgbàdo púpọ̀. Ẹ má kà á sí eré lásán. Ẹ ní kí wọ́n yan orin tí wọ́n fẹ́, kí ẹ sì ka iye ìgbésẹ̀ tí wọ́n ń gbé ní ìṣẹ́jú kan. Tó bá ń lọ sí nǹkan bí 100, ó ti tó ìwọ̀n ìrìn kánmọ́kánmọ́ fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà. Ìdánwò tó rọrùn wà pẹ̀lú rẹ̀: kí ó lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n kó má lè kọrin. Fún àwọn tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bíi atenolol tàbí propranolol, ìdánwò ẹnu yìí sàn ju kíka ìlù ọkàn lọ, nítorí oògùn náà ń dín ìlù ọkàn kù.

Gbogbo ohun tí ẹ bá fẹnu kò sí, ẹ kọ ọ́ sínú ìlànà débi tí físíó mìíràn fi lè ṣe é láìbi yín: iye ìgbà, ìwọ̀n, ibi, ẹni tó ń ṣọ́ wọn, ìgbà tí a ó fi kún un. CERT, àtòjọ ohun tó yẹ kí a kọ nípa eré ìdárayá inú ìwádìí, tó jáde ní ọdún 2016 tó ní kókó 16, lè ràn yín lọ́wọ́ kí ẹ má bàa gbàgbé nǹkan kan.

Ohun tí wọ́n fẹ́ kó yí padà

Oníwàádìí á fẹ́ wọn iye mítà tí èèyàn rìn ní ìṣẹ́jú mẹ́fà, lórí ọ̀nà títọ́ pẹrẹsẹ tó gùn tó mítà 30. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ bi ìyá tí orúnkún rẹ̀ ń ro ó pé kí ló fẹ́ lè ṣe padà. Ó fẹ́ kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ rẹ̀ láìdi nǹkan mú. Bàbá fẹ́ forí kanlẹ̀ lórí ìrun dípò kó máa jókòó sórí àga ní mọ́ṣáláṣí. Ẹlòmíràn fẹ́ lè lo ṣálángá, kí ó wọ ọkọ̀ máíkírà kó sì sọ̀ láìjẹ́ pé wọ́n fà á, kí ó jó ní ìnáwó ọmọ rẹ̀.

Ẹ má ṣe hùmọ̀ ìwọ̀n tuntun fún wọn, kò ní ṣeé fi wé ti ibòmíràn. Ẹ lo irinṣẹ́ tó fàyè gba aláìsàn láti dárúkọ iṣẹ́ tirẹ̀: èyí tí àwọn físíó mọ̀ sí Patient-Specific Functional Scale, tí aláìsàn ti máa mú iṣẹ́ mẹ́ta sí márùn-ún, kó sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 0 (kò ṣeé ṣe rárá) títí dé 10 (bó ṣe ń ṣe é kó tó di pé àìsàn dé). Ẹ fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́fà. Fún ẹni tí òǹkà yìí kò bá yé, ẹ gbé àwòrán àkàbà onípele 10 sílẹ̀ kó fi ìka tọ́ka sí i, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bá àwọn olùdámọ̀ràn dán an wò.

Ìbẹ̀rù

“Ṣé kò ní gbé ẹ̀jẹ̀ mi sókè?” Ẹ má bẹnu àtẹ́ lù ú. Ẹ̀jẹ̀ máa ń ròkè díẹ̀ nígbà tí èèyàn bá ń ṣe eré ìdárayá lọ́wọ́, ó sì máa ń wálẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ fún wákàtí mélòó kan. Ẹni tó bá ń ṣe é déédéé, tirẹ̀ á máa dín kù. Ẹ fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n níṣojú wọn kí wọ́n tó ṣe é àti lẹ́yìn ìsinmi, kí wọ́n fojú ara wọn rí i. Lẹ́yìn náà ẹ bá wọn kọ àmì ìdádúró lédè wọn: àyà fífún tàbí dídùn, ojú ṣíṣú, èémí tó kọ̀ tí kò balẹ̀, òógùn tútù. Ẹ má kọ ọ́ fún wọn. Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe máa ń wí i nílé, kí ẹ sì tẹ ìyẹn sórí káàdì.

Ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ insulin tàbí tó ń lo glibenclamide fún àtọ̀gbẹ gbọ́dọ̀ mọ ohun tí a ń ṣe tí súgà bá já wálẹ̀: síbí tíì mẹ́ta súgà nínú omi, kó dúró ìṣẹ́jú 15, kó tún wọ̀n ọ́n, lẹ́yìn náà kó jẹun. Bí súgà bá wà ní ìsàlẹ̀ 5.0 mmol/L (90 mg/dL) kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kó kọ́kọ́ jẹ nǹkan. Ẹ tún béèrè nípa àgbo láìṣe lámèyítọ́. Ẹni tí ẹ bá bá wí lẹ́ẹ̀kan kò ní sọ òótọ́ fún yín mọ́.

Ṣíṣẹ́ kèké

Bí a bá máa pín àwọn olùkópa sí ẹgbẹ́ méjì, ibí yìí ni ìfura ti máa ń wọlé. Wọ́n á rò pé ojúsàájú ni, tàbí pé dókítà ló mọ ẹni tó fẹ́ràn. Ẹ bi àwọn olùdámọ̀ràn bí wọ́n ṣe máa ṣàlàyé rẹ̀ fún àbúrò wọn. “A ṣẹ́ kèké” máa ń yéni ju àlàyé gígùn lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí wọ́n tì yín sí fífa ìwé níṣojú gbogbo èèyàn. Inú àpò ìwé dídí tí a ti nọ́ńbà, tí ẹlòmíràn tò, ni kí ìpín náà wà, kí òṣìṣẹ́ tó ń gba olùkópa wọlé má lè mọ èyí tó kàn.

Wọ́n sábà máa ń ní kí ẹgbẹ́ kejì náà gba eré ìdárayá lẹ́yìn tí ìwọ̀n bá parí. Ẹ gbà á bí owó bá tó. Ó ń jẹ́ kí wọ́n dúró. Ohun tó ń náni ni pé ẹ ò ní lè mọ ohun tó yàtọ̀ láàárín ẹgbẹ́ méjèèjì lẹ́yìn ọdún kan.

Ní ti fọ́ọ̀mù ìfọwọ́sí, kí ẹnì kan kà á sókè, kí olùdámọ̀ràn sì fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ sọ ohun tó gbọ́. Ibi tó bá ti sọ nǹkan mìíràn, ẹ tún ibẹ̀ kọ. Fún ẹni tó fẹ́ tẹ ìka, kí ẹlẹ́rìí tí kì í ṣe ara òṣìṣẹ́ ìwádìí wà níbẹ̀.

Ìwé tó ń fi hàn pé ẹ gbọ́

Ẹ ra ìwé ńlá kan tàbí kí ẹ la tábìlì sórí kọ̀ǹpútà, kí ó ní òpó márùn-ún: ọjọ́, ohun tí wọ́n sọ, nọ́ńbà ẹni tó sọ ọ́ (kì í ṣe orúkọ), ohun tí a ṣe sí i, àti ìdí tí a kò bá ṣe é. Kí ẹ kọ ọ́ lọ́jọ́ ìpàdé gan-an. Òpó karùn-ún ni kí ẹ má fi ṣeré. Kì í ṣe gbogbo ìmọ̀ràn lẹ máa lè gbà, bí àpẹẹrẹ kí físíó máa bá wọn délé lójoojúmọ́. Owó lè má tó. Ẹ sọ ọ́ fún wọn bẹ́ẹ̀. Ìpàdé tó bá kàn, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa ṣe ni kí ẹ ka ìwé náà sókè fún wọn. Ẹni tó gbọ́ pé wọ́n sún wákàtí ìdánwò síwájú nítorí ohun tó sọ á tún wá.

Ìwé yìí náà ni ẹ máa fi kọ ìròyìn lẹ́yìn iṣẹ́. Àtòjọ GRIPP2 kékeré ti ọdún 2017, tí a fi ń ròyìn bí a ṣe mú aláìsàn wọ inú ìwádìí, béèrè nǹkan márùn-ún: ohun tí ẹ tìtorí rẹ̀ pè wọ́n, bí ẹ ṣe ṣe é, ohun tó jáde níbẹ̀, bó ṣe nípa lórí ìwádìí, àti ohun tó dára tàbí tí kò dára nínú rẹ̀. Bí ẹ ò bá ti ń kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ ò ní rí nǹkan kọ.

Nígbà tí ìwádìí bá ń lọ lọ́wọ́, ẹ pè wọ́n ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, kí ẹ fi iye àwọn tó ti fi í sílẹ̀ hàn wọ́n láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Wọ́n á sọ ìdí tí ẹ kò ronú kàn: owó ọkọ̀ gbówó lérí, ìsìnkú kó gbogbo agbo ilé lọ sóko, nọ́ńbà fóònù tí ẹ ní jẹ́ ti ọmọ tó ti lọ Èkó. Nítorí èyí, gba nọ́ńbà ẹni méjì lọ́wọ́ olùkópa kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda rẹ̀. Ohùn tí ẹ gbà sórí WhatsApp sàn ju àtẹ̀jíṣẹ́ lọ, ẹ sì máa pe àwọn tó ń lo fóònù kékeré.

Ibi tó ti máa ń dàrú

Ìpàdé máa ń di kíníìkì. Ẹnì kan á yọ oògùn jáde, dókítà á bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn, wákàtí kan á sì ti lọ. Ẹ kéde rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ pé ìṣẹ́jú 30 wà lẹ́yìn ìpàdé fún ọ̀rọ̀ ara ẹni, kí físíó tàbí nọ́ọ̀sì kan sì dúró fún un lóòótọ́.

Àwọn olùdámọ̀ràn tó bá pẹ́ máa ń dà bí òṣìṣẹ́. Wọ́n á máa gbèjà ìwádìí dípò kí wọ́n wá àṣìṣe rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún kan, ẹ pààrọ̀ bí ìdá kan nínú mẹ́ta wọn, kí àwọn tó kù fọ̀nà han àwọn tuntun. Àìsàn náà á sì máa ṣe wọ́n. Bí ẹnì kan kò bá wá, ẹ pè é lọ́jọ́ kejì láti kí i, ẹ má kọ́kọ́ béèrè ìdí. Bí ó bá kú, kí ẹnì kan láti inú yín lọ bá ẹbí kẹ́dùn. Kí ètò fún èyí wà kó tó ṣẹlẹ̀.

Èsì

Kí ẹ tó fi àpilẹ̀kọ ránṣẹ́ síbi tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́, ẹ fi èsì hàn àwọn olùdámọ̀ràn lórí ojú ìwé kan lédè Yorùbá. Ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n rò pé ó fà á tó fi rí bẹ́ẹ̀. Àlàyé wọn lè yàtọ̀ sí tiyín, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú iṣẹ́ náà. Lẹ́yìn náà ẹ pe àwọn olùkópa, àwọn tó fi í sílẹ̀ pẹ̀lú, kí ẹ sọ èsì náà fún wọn, bí kò tilẹ̀ rí bí ẹ ṣe fẹ́. Rédíò tó ń sọ Yorùbá bíi Amúlùdùn FM ní Mọ́níyà á jẹ́ kó dé ibi tí ìwé kò lè dé, ṣùgbọ́n ẹ má gbé ohùn tàbí orúkọ aláìsàn kankan jáde láìgba ìyọ̀ǹda lákọsílẹ̀.

Ẹ bi olùdámọ̀ràn kọ̀ọ̀kan bóyá ó fẹ́ kí orúkọ òun wà nínú ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́. Àwọn kan kò fẹ́ kí ará àdúgbò mọ̀ pé àwọn ní àtọ̀gbẹ. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ tó tó ti òǹkọ̀wé, kí orúkọ rẹ̀ wà láàárín òǹkọ̀wé. Nígbẹ̀yìn, ẹ ṣí ìwé nọ́ńbà fóònù wọn. Òfin ààbò ìsọfúnni ti ọdún 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera sí ohun tí a gbọ́dọ̀ ṣọ́ gidigidi. Ẹ pe ẹni kọ̀ọ̀kan láti béèrè bóyá kí ẹ fi nọ́ńbà rẹ̀ pa mọ́ fún ìwádìí mìíràn, kí ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ àti ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì pa ti ẹni tó bá kọ̀ rẹ́ lórí fóònù gbogbo òṣìṣẹ́ àti lórí kọ̀ǹpútà.